Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Iná tó wà nínú àpò sìmẹ́ńtì

Kí òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò tó di sìmẹ́ńtì, ó gbọ́dọ̀ gba inú ààrò ńlá tó ń gbóná tó 1,450°C kọjá, kó jáde bíi kóró dúdúdúdú tí wọ́n ń pè ní kílíńkà. Ibẹ̀ ni iná ń bá lọ jù. Lójú tèmi, àfi ká dín kílíńkà kù, ká fi amọ̀ tí a sun ní nǹkan bí 800°C rọ́pò apá kan rẹ̀. Àwọn kan á ní àbùlà nìyẹn, ilé á wó. Ẹ̀rù wọn tọ́. Ilé wíwó ti pa èèyàn púpọ̀ l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ẹ wo 42.5 tó wà lára àpò: agbára tí sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ní lẹ́yìn ọjọ́ 28 ló ń sọ, kì í ṣe iye kílíńkà inú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó ní amọ̀ yìí lè kọ́kọ́ lọ́ra láti le o. Ẹ ṣáà máa bomi rin ín dáadáa.