Ẹjọ́ Ìkọ̀kọ̀ Lórí Owó Ìlú

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Paris fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé bàálù mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba Nàìjíríà nítorí gbèsè: Falcon 7X kan, Boeing 737 kan, àti Airbus A330 tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún Ààrẹ Tinubu. Ìgbẹ́sà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni gbèsè náà ti ṣẹ̀.

Ọgbà okòwò ọ̀fẹ́ Ògùn-Guangdong ló wà ní Ìgbẹ́sà. Ilé iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Ṣáínà, Zhongshan, wọ ibẹ̀ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà, àdéhùn ọdún 2013 sì fi àbójútó ọgbà náà lé e lọ́wọ́. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé àdéhùn, wọ́n lé wọn jáde. Ni Zhongshan bá di àdéhùn tí Nàìjíríà àti Ṣáínà ṣe ní 2001 mú, ó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ onílàjà.

Ìlàjà yìí yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà ẹbí. Ẹni mẹ́ta ló sábà máa ń jókòó, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a yan ọ̀kan, ẹnì kẹta a ṣe alága. Wọ́n sábà máa ń ti ilẹ̀kùn, oníròyìn kò ní wọlé, ìwé ẹ̀rí kò ní jáde. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ, abẹ gé e.

Ní March 26, 2021, ìgbìmọ̀ tí Lord Neuberger ṣe alága rẹ̀ ní kí Nàìjíríà san mílíọ̀nù 55.6 dọ́là, láìka èlé. Owó kò jáde. Zhongshan gba kóòtù London àti Washington lọ láti gba owó rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí ti tú, nítorí gbangba ni kóòtù ń jókòó.

Ẹjọ́ ilé iṣẹ́ P&ID tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí àdéhùn gáàsì tí ilé iṣẹ́ yìí bá Nàìjíríà ṣe ní 2010, àwọn onílàjà ní kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 6.6 dọ́là ní 2017. Èlé gbé e kọjá bílíọ̀nù 11. Ní October 23, 2023, Adájọ́ Robin Knowles ní London rí i pé àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹ̀rí èké wà nínú rẹ̀, àti pé ìwé àṣírí àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà ti bọ́ sọ́wọ́ P&ID. Adájọ́ náà kọminú sí i pé inú yàrá títì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, láìsí ojú oníròyìn tàbí aráàlú.

Òótọ́ ni pé oníṣòwò ní àṣírí tí kò yẹ kí olùdíje rẹ̀ rí, ìkọ̀kọ̀ sì lè mú kí ìjà tètè parí. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá jẹ gbèsè, àpò aráàlú ni yóò ti jáde, láti ọ̀dọ̀ àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró títí dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ní Mówè àti Ìbàfò, ní Ògùn. Ẹni tí yóò san owó yẹ kó mọ ìdí rẹ̀ kí èlé tó gorí èlé.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ṣe ìlànà ìṣípayá fún irú ẹjọ́ Zhongshan láti 2014: ẹ pa àṣírí òwò mọ́, ẹ ṣí ìyókù sílẹ̀. Àmọ́ kì í dédé mú àdéhùn tó ti wà ṣáájú, bíi ti 2001 yẹn, àfi bí àwọn tọ́rọ̀ kàn bá gbà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí Nàìjíríà gbà, kí ìjọba sì máa kéde irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é. Títí dìgbà náà, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 wà nílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ méje sì ni òfin fún ìjọba láti fèsì.