OMI Ń TÁN NÍNÚ RẸDIÉTỌ̀, KÒ SÌ JÒ SÍLẸ̀: NÍBO LÓ Ń GBÀ LỌ?

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ìyá kankan má sọ pé òun kì í wa ọkọ̀, kí ó wá ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ẹni tó ń kó tòmátì láti Màìlì 12, ẹni tó ń kó pákó, ẹni tó ń kó sìmẹ́ǹtì, ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù ni gbogbo owó rẹ̀ wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákú lójú ọ̀nà, ọjà olówó ló ń kú.

Ìyá kan wà tó ń ta ata àti tòmátì n'Ìkòtún. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù oní-dísù kan ló ní, ọmọkùnrin kan ló sì ń bá a wà á. Ní ìdájí ọjọ́ kan, wọ́n ń bọ̀ láti Màìlì 12, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọjá Ìyànà-Ìpájà, kò sí wàhálà. Ìgbà tí wọ́n dé Ẹgbẹ́dá ni èéfín funfun bo títì bí ẹni tó ń sun koríko tútù. Ọkọ̀ gbóná kọjá ààlà, ó sì kú. Oòrùn yọ. Tòmátì kì í dúró de mẹ́káníìkì. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ mìíràn, ìdajì ọjà ti di omi.

Dẹ́rẹ́bà wá jẹ́wọ́ pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí òun ti ń bu omi sí rẹdiétọ̀ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí omi kankan nílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Ó ní, "Màmá, mo rò pé oòrùn ló ń fà á gbẹ ni." Ẹ gbọ́ o! Oòrùn wo ló ń wọ inú rẹdiétọ̀?

Mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ pààrọ̀ họ́ọ̀sì, ó gbowó. Ìkejì fi gọ́ọ̀mù lẹ eteetí ẹ́ńjìnnì yípo, òun náà gbowó. Lọ́jọ́ kẹta, èéfín tún dé. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Bàbá àgbà kan n'Ìgàndó ló wá rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì yọ, ó gbé e síwájú ìyá náà.

"Ìyá, ẹ wo epo yín. Ṣé epo nìyí àbí tíì oní-mílíìkì?"

Ó ṣí rẹdiétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ òun sítáàtì ọkọ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó kùtùkùtù bí omi àmàlà, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbóná rárá.

"Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì yín ti jó. Omi tí ẹ ń wá kiri, ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún."

KÍ NI GÁSÍKẸ́Ẹ̀TÌ Ń ṢE?

Ẹ̀yin tó ń se mọ́ínmọ́ín, ẹ mọ ewé tàbí ọ̀rá tí ẹ fi ń dí ẹnu ìkòkò kí ẹ tó dé ọmọrí, kí ooru má baà jáde. Iṣẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù ni ìkòkò, tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni ọmọrí. Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló ń gba àárín wọn kọjá: iná, omi àti epo. Gásíkẹ́ẹ̀tì ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Bó bá jó, omi á wọnú epo, iná á wọnú omi, ilé á dàrú.

Ti dísù tún le ju ti pẹtiróòlù lọ. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí wọ́n bí ní Paris l'ọ́dún 1858, ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa l'Augsburg l'ọ́dún 1897. Kò fi pílọ́ọ̀gì kankan sí i. Afẹ́fẹ́ ni ẹ́ńjìnnì yìí ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná débi pé dísù tó bá kàn án á gbiná fúnra rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù oní-dísù àtijọ́ a máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ti pẹtiróòlù ayé ìgbà náà kò ju bíi 8 tàbí 9. Ẹ ò rí i pé gásíkẹ́ẹ̀tì dísù ru ẹrù!

ÀMÌ TÍ Ẹ Ó MÁA WÒ

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí omi bá ń dínkù tí kò sì jò sílẹ̀, ẹ fura. Bí èéfín funfun kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, ẹ fura. Bí họ́ọ̀sì rẹdiétọ̀ bá le gbandi kété tí ẹ sítáàtì ní òwúrọ̀, bí epo bá funfun, bí omi tàbí epo bá ń yọ lójú ibi tí tọ́ọ̀pù ti pàdé búlọ́ọ̀kù, ẹ má rù ú lọ ọjà mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí rẹdiétọ̀ tó gbóná láéláé. Omi inú rẹ̀ gbóná ju omi híhó orí iná lọ, ó sì lè bó ojú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá.

BÍ BÀBÁ ṢE TÚN UN ṢE

Bàbá kò fi ìwàǹwára ṣe é. Ó ní kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù, ó fa omi àti epo dànù. Ó tú páìpù àwọn nọ́sù, ó fi ọ̀rá mímọ́ dí ẹnu wọn, torí iyanrìn bíńtín lè ba nọ́sù jẹ́. Ó tú bóòtù tọ́ọ̀pù díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ sí àárín, kí tọ́ọ̀pù má baà wọ́.

Ó fi irin tó gún régé lé ojú tọ́ọ̀pù. Ìmọ́lẹ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀: ó ti wọ́! Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fẹ́ẹ̀sì tọ́ọ̀pù, ó sì ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán. Kí ẹ mọ̀ pé tọ́ọ̀pù dísù mìíràn wà tí àwọn tó ṣe é kò gbà kí a fẹ́ẹ̀sì rẹ̀ rárá. Ìwé ọkọ̀ ló ń sọ.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló rà, kì í ṣe tòkunbọ̀. Ti dísù a máa nípọn jura lọ. Ihò tàbí gígé kéékèèké tó wà létí rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì mu ni kí wọ́n rà. Bàbá nu ojú méjèèjì títí wọ́n fi ń dán, ó gbẹ́ epo àti omi kúrò nínú ihò bóòtù, kò sì fi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Sípánà tó ń ka agbára ló fi dì í, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó pààrọ̀ epo àti fílítà, ó sì fọ rẹdiétọ̀ tí ìpẹtà ti dí, torí òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná. Ẹni tó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tí kò wá ohun tó jó o, yóò tún un pààrọ̀.

Owó àjọ tí ìyá yìí fẹ́ fi san owó iléèwé ọmọ rẹ̀ ló bá a lọ. Inú bí i, ó ní òun á lé dẹ́rẹ́bà. Bàbá ní, "Ìyá, ẹ má lé e. Èèmelòó lẹ ti pariwo mọ́ ọn bó bá ní ọkọ̀ ń ṣe nǹkan? Ẹ̀rù yín ló ba ọmọ náà tó fi ń bu omi ní kọ̀rọ̀."

Ìyá dákẹ́. Títí di òní, dẹ́rẹ́bà yẹn ló ṣì ń wa ọkọ̀. Láràárọ̀, kí wọ́n tó kúrò n'Ìkòtún, àwọn méjèèjì á jọ wo omi, wọ́n á jọ wo epo.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ojú yín ti rí lọ́wọ́ ọkọ̀? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa.