Ṣé ìṣirò èrè nìkan ni Business Admin?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan fi ètò ẹ̀kọ́ yunifásítì kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Business Admin ló fẹ́ kọ́, àmọ́ ó rí i pé òun máa kọ́ nípa Áfíríkà, òun á máa kọ àròkọ, òun á sì kọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Dádì rẹ̀ fárígá: "Ṣé owó àròkọ ni mo fẹ́ san? Òwò ni kó lọ kọ́ jàre!"

Ọ̀rọ̀ Dádì yé mi. Owó ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ṣùgbọ́n igi kan ò lè dá igbó ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní liberal arts kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ máa kọ́ ìṣirò owó àti ìpolówó ọjà, ẹ tún máa ka ìtàn, ẹ sì máa bá àwọn tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ sí tiyín jiyàn.

Ẹ wo Patrick Awuah, ọmọ Ghana. Swarthmore, kọ́lẹ́ẹ̀jì liberal arts kan ní Amẹ́ríkà, ló ti kàwé. Ó ṣiṣẹ́ ní Microsoft kó tó padà sílé lọ dá Yunifásítì Ashesi sílẹ̀ lọ́dún 2002. Wọ́n ń kọ́ Business Admin níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nípa ìdarí àti ìwà ọmọlúàbí. Lọ́dún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan: kíláàsì tó bá dìbò fún un á máa ṣèdánwò láìsí olùṣọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣèlérí pé àwọn ò ní jíwèé wò. Ọ̀gá wo ni kò ní fẹ́ gba irú wọn síṣẹ́?

Èmi tí mo kọ́ òfin, mo ti rí àdéhùn okòwò tí ìṣirò rẹ̀ pé pérépéré, tó sì dìjà nítorí gbólóhùn kan tí kò yéni.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín o. Bó bá jẹ́ ICAN lẹ ń lé, Accounting lè tètè gbé yín débẹ̀. Ẹ béèrè: kọ́ọ̀sì ìṣirò owó mélòó ló wà níbẹ̀? Ṣé wọ́n á rán yín lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́? Bó bá jẹ́ òkè òkun, ṣé NYSC á gba ìwé ẹ̀rí náà?

Mo ní kí àbúrò mi kọ gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ fún Dádì, ojú ewé kan péré. Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì ní àwọn á san án, àmọ́ wọ́n ti ń béèrè iye tó jẹ́.