Kì í Ṣe Gbogbo Ohùn Híhá Ni Ti Ọyẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Sabon Gari, Kano, gbogbo wa mọ bí eruku ìhín ti ń gbẹ ènìyàn lọ́fun. Èyí ni ó fà á tí bàbá kan nínú Ẹgbẹ́ wa, tí ó máa ń ṣíwájú àdúrà ìpàdé, fi sọ pé, "Ọyẹ́ ni," nígbà tí ohùn rẹ̀ há. Ọyẹ́ lọ, ohùn kò padà. Ó mu àgbo, ó fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun. Oṣù mẹ́ta kọjá kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tí ń wo imú, etí àti ọ̀fun.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ̀rù má bà yín. Dókítà kọ́kọ́ bi í bóyá ó ń fa sìgá tàbí ó ń mu ọtí líle, nítorí àwọn méjèèjì a máa fa jẹjẹrẹ ọ̀fun. Ó fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ yíká, bóyá kókó wà níbẹ̀. Ó fín oògùn tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora sí i nímú, ó sì ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníná kan gba ihò imú dé ọ̀nà ohùn. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó rí egbò kékeré kan.

Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Wọ́n fún bàbá ní oògùn oorun, wọ́n gé bíńtín nínú ẹran ibẹ̀, wọ́n sì fi awò tí ń sọ kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ni ó ń fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò CT sọ ibi tí àrùn dé. Àwọn kan ń sọ pé bí abẹ bá kan jẹjẹrẹ, yóò fọ́n ká. Ẹ má fi ìyẹn jókòó sílé: ìdádúró ni ó ń jẹ́ kí ó tàn.

Bí èsì bá dára, tí ohùn kò sì là, ẹ padà lọ. Ní 1887, wọ́n gé ẹran ọ̀fun Frederick, àrẹ̀mọ ọba Jámánì, wọ́n ní àwọn kò rí jẹjẹrẹ. Ní 1888, lẹ́yìn ọjọ́ 99 péré lórí ìtẹ́, àrùn náà pa á.

Jẹjẹrẹ ni ti bàbá wa, ṣùgbọ́n kò tíì tàn. Wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú rẹ̀. Inú wa dùn láti sọ fún yín pé ohùn ara rẹ̀ ni ó fi súre níbi ìkómọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá.

Ẹnikẹ́ni tí ohùn rẹ̀ bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, kí ó má ṣe di ẹ̀bi ru ọyẹ́ mọ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á fi ohùn ayọ̀ délé o.