Kì í ṣe iná tó mọ́lẹ̀ yòò ni gbogbo ewéko inú àpótí ẹja ń fẹ́

Èrò tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sínú àpótí gíláàsì ni pé ewéko kò lè hù nínú omi àfi bí iná tó mọ́lẹ̀ yòò bá wà lórí rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ewé oníke ni yóò rà, nítorí ta ni yóò máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí koríko? Ṣùgbọ́n ewéko omi kò rí bákan náà. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé abẹ́ ibòòji ni Ọlọ́run dá wọn sí, tó sì jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ àpọ̀jù gan-an ló ń kó wọn sí wàhálà. Àwọn kan nínú èyí tó lókìkí káàkiri ayé lára wọn, inú odò igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti wá. Fún ilé kan ní Àpòmù tàbí Ìkirè, níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró sójú kan, irú wọn ló yẹ kéèyàn gbìn.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Anubias. Ìdílé kan náà ni òun àti kókò: ewé rẹ̀ nípọn, ó sì ní igi kúkúrú kan tó ń rá lọ lórí òkúta tàbí ìtì igi, tí gbòǹgbò ń yọ lára rẹ̀. Heinrich Wilhelm Schott, onímọ̀ nípa ewéko ní Austria, ló fún un lórúkọ yìí ní 1857. Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ Dayspring gbé William Balfour Baikie àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba odò Ọya gòkè. Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò náà, bẹ́ẹ̀ ni Charles Barter, ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti máa kó ewéko jọ. Ọkọ̀ náà fọ́ mọ́ òkúta nítòsí Jẹ́bà ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Barter sì kú ní Rábà ní 1859. Ní 1860, Schott fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹ̀yà kan, Anubias barteri, tó ń hù ní gúúsù Nàìjíríà, ní Kamẹrúùnù àti ní àyíká wọn. Ẹ̀yà yìí ni àwọn ọlọ́jà ẹja ọ̀ṣọ́ ń tà jù lónìí nínú gbogbo Anubias. Bolbitis heudelotii náà wà, ewéko tí kì í tanná, tí kì í so, tí ewé rẹ̀ ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó ń gbé inú odò tó ń ṣàn láti Senegal títí dé Ethiopia.

Ìdí tí wọ́n fi lè gbé ibòòji kò ṣòroó yé. Nínú igbó kìjikìji, irú èyí tó bo agbègbè Àpòmù kí oko kòkó tó gba ibẹ̀, nǹkan bí ìdá kan sí méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń dé ilẹ̀. Ohun tí èyí túmọ̀ sí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ tó ń gbin ọmọ kòkó sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí oòrùn má baà jó o. Ìmọ́lẹ̀ ni ewéko fi ń sọ omi àti afẹ́fẹ́ kábọ́nì di oúnjẹ, ṣùgbọ́n òun náà ń mí tọ̀sán tòru, ó sì ń jẹ nínú ohun tó ṣe. Ewéko tó ń yára dàgbà ń jẹ púpọ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rí ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ kó tó ní àjẹṣẹ́kù. Anubias kì í kánjú. Ohun tó ń jẹ kéré, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sì ti tó o láti jẹ yó. Ewé tó bá yọ lè wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó gbó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja kì í fẹnu kàn án, nítorí ewé náà le.

Bí a bá tan iná ńlá lé irú ewéko bẹ́ẹ̀ lórí, ẹlòmíràn ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, irú èyí tó ń bo ara àmù àti ẹnu kànga, a máa yára gba ìmọ́lẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, yóò sì so mọ́ àwọn ewé tí kò tètè pààrọ̀ ara wọn yìí títí yóò fi bò wọ́n. Nítorí náà, ibi tó mọ́lẹ̀ nínú yàrá, nítòsí fèrèsé tí oòrùn kì í wọlé tààrà, ti tó. Níbi tó bá ṣókùnkùn jù, gílóòbù LED kékeré fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́ yóò ṣe é, bátìrì tí sólà ń gba iná sí sì lè gbé e. Èèyàn kò gbọ́dọ̀ ri igi tó ń rá yẹn mọ́lẹ̀ sínú yanrìn, torí yóò jẹrà. Òwú ni kó fi dè é mọ́ òkúta tàbí igi títí gbòǹgbò rẹ̀ yóò fi di í mú.

Àtakò tó lágbára jù tí ẹnìkan lè gbé dìde ni pé ewéko tí kì í yára dàgbà kì í fọ omi mọ́ dáadáa. Òótọ́ ni. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù a máa di amóníà, èyí tó jẹ́ májèlé fún ẹja. Kòkòrò àìfojúrí inú omi ló ń sọ ọ́ di náítíréètì, ewéko sì ń fi méjèèjì ṣe oúnjẹ. Ewéko tó bá ń hù wìtìwìtì ló ń gbà á jù. Ṣùgbọ́n kí a wo òdìkejì ọ̀rọ̀. Tí iná bá lọ lóru, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi yóò dákẹ́. Nínú òkùnkùn, ewéko kì í tú ọ́síjìn sílẹ̀ mọ́. Òun àti ẹja ni wọ́n jọ ń mí in. Igbó ewéko tó ń yára dàgbà a máa bá ẹja du díẹ̀ tó kù, àmọ́ èyí tó rọra ń dàgbà kì í mu púpọ̀. Ohun tó yẹ ni kí ẹja má pọ̀ jù, kí a máa pààrọ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀, kí a sì jẹ́ kí ojúoró díẹ̀ léfòó sójú omi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá gbà á. Ojúoró a máa yára dàgbà, yóò sì gba ìdọ̀tí náà. Òjìji tó bá sì ṣẹ́ sísàlẹ̀ kò ní pa Anubias lára, bó ṣe ń gbé nínú odò náà nìyẹn.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, tó bá jẹ́ ewéko ilẹ̀ wa ni, kí ló dé tí a kò ní wọ odò lọ fà á? Ìdí méjì ló wà. Àrùn àtọ̀sí ajá wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ara ìgbín omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, tí yóò sì gba awọ ara ẹni tó wọ omi wọlé. Ìgbín bẹ́ẹ̀ sì lè fara pamọ́ sábẹ́ ewé. Ìkejì, odò wa ti ń jìyà tó. Omi Ọ̀ṣun tó ń ṣàn lọ sí adágún Aṣejire nítòsí Ìkirè ti di aláwọ̀ amọ̀ láti ọdún mélòó kan, ìwakùsà wúrà ní apá Ìjẹ̀ṣà sì wà lára ohun tí wọ́n dá lẹ́bi. Ewéko ibòòji pàápàá nílò ìmọ́lẹ̀ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í gba inú omi ẹlẹ́rẹ̀ kọjá. Èyí tó dára jù ni kéèyàn ra ìdì kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ń gbìn ín. Bí igi rẹ̀ bá gùn, a lè gé e sí méjì, kí ewé mélòó kan wà lára ìdá kọ̀ọ̀kan, méjèèjì yóò sì hù. Àwọn ará Denmark ti ń fi irú rẹ̀ ṣòwò tipẹ́: ilé iṣẹ́ Tropica, tí Holger Windeløv dá sílẹ̀ ní 1970, ń gbin Anubias ilẹ̀ wa fún títà.

Ẹni tó bá sì yàn láti gbin ewéko ilẹ̀ òkèèrè, kó má ṣe da omi àpótí rẹ̀ tàbí ewé tó gé sínú odò tàbí gọ́tà. Ewéko omi tó ń tanná elésè àlùkò, tó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó sì gba Bàdágìrì wọ Nàìjíríà ní 1984, ti dí ọ̀nà ọkọ̀ àti ojú àwọ̀n àwọn apẹja títí di òní. Anubias kò lè ṣe wá ní irú ìyẹn, torí inú odò wa ni ilé rẹ̀. Owó tí a bá fẹ́ fi ra iná ńlá, ẹ jẹ́ ká fi ra ìdì Anubias kan, ká dè é mọ́ òkúta, ká sì fi sùúrù wò ó.