Káàdì Àwòrán Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Dá Lẹ́bi

Àwọn kan ti ń tẹ̀ mí láago pé kí ló dé tí mi ò kọ nǹkan kan láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àìsàn kọ́. Kọ̀ǹpútà ilé mi ló ń kú mọ́ mi lójú. Màá jókòó síwájú rẹ̀ ní Òkè-Odò níbí, màá ṣí ètò tí mo fi ń gé fídíò àwọn àgbà Àwórì tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ojú rẹ̀ á fi di ìlà-ìlà bí aṣọ òfì, á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó di dúdú. Nígbà mìíràn á jí padà fúnra rẹ̀. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á di búlúù, á wá kọ VIDEO_TDR_FAILURE síbẹ̀.

Méjì nínú àwọn àgbà yẹn ti lọ sọ́run. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni ohùn wọn wà. Èmi tí mo fi gbogbo ọdún yẹn kọ́ yín pé kí ẹ máa ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín, èmi náà ò ṣe é. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ládùúgbò wò ó fìrí, tó ní, "Dádì, káàdì ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fọ́máàtì ẹ̀, ká wá fi iná sí káàdì náà," mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo lọ ra háàdì dísìkì tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo da gbogbo fáìlì mi sí i. Dída fáìlì kì í ni káàdì lára, nítorí náà kò kú títí ó fi parí. Ẹ ṣe èyí ṣáájú ohunkóhun.

Graphics card ni wọ́n ń pe nǹkan ọ̀hún; káàdì àwòrán ni n ó máa pè é. Òun ló ń ya gbogbo ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ó ní ibi tó ń kó ìrántí sí, ó sì sábà máa ń ní fáànù tirẹ̀. Láti ìgbà Windows Vista, tó dé ọjà ní 2007, Windows máa ń fún káàdì ní ìṣẹ́jú-àáyá 2 láti dáhùn tó bá rán an níṣẹ́. Tí kò bá dáhùn, Windows á gbà pé ó ti dákú, á gbìyànjú láti jí i. Tó bá jí, ojú kọ̀ǹpútà á kàn ṣẹ́jú; tí kò bá jí, ojú búlúù ni. Ohun tí TDR inú ìkìlọ̀ yẹn ń sọ nìyẹn.

Ẹ wáá fi ọkàn sí i. Ìkìlọ̀ náà sọ pé káàdì kò dáhùn, kò sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ẹ pè tí kò dáhùn lè ti kú lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ooru ló mú un, tàbí ebi ló ń pa á, tàbí kó jẹ́ èdè tí ẹ fi pè é ni kò yé e.

Èdè ni mo kọ́kọ́ wò. Driver ni ètò kékeré tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Windows fún káàdì. Ẹ má fojú kéré rẹ̀: nígbà tí wọ́n pe Microsoft lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí Vista, ìwé tó jáde ní kóòtù fi hàn pé driver NVIDIA nìkan ló fa nǹkan bí 29 nínú 100 ikú òjijì Vista tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní 2007. Mo yọ driver àtijọ́ kúrò pátá, mo gba òmíràn lójú òpó ilé iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà gan-an. Ó dára fún ọjọ́ kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ tan kọ̀ǹpútà sí Safe Mode, pé tí kò bá kú níbẹ̀, driver ló jẹ̀bi. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ o. Nínú Safe Mode, káàdì kì í ṣe iṣẹ́ líle kankan. Ọ̀lẹ náà kì í làágùn tó bá jókòó.

Ooru ló kàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta nígbà ọyẹ́ mọ irú eruku tí à ń jẹ níbí. Mo yọ wáyà kúrò lára ògiri, mo fọwọ́ kan irin àpótí rẹ̀, mo ṣí i. Eruku ti di tìmùtìmù sí ẹnu fáànù. Mo gbá a kúrò, mo nu ọ̀rá tó ti gbẹ láàárín ọpọlọ káàdì àti irin tó ń fa ooru, mo fi tuntun sí i. GPU-Z, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni mo fi ń wo ooru rẹ̀: ó ti 91 bọ́ sí 76. Inú mi dùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ó tún kú.

Oníṣẹ́ wa padà wá, ó ní ṣebí òun ti sọ, iná ni. Ẹ ó ti rí i ní Computer Village ní Ìkẹjà: wọ́n á tú káàdì, wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí ọpọlọ rẹ̀, reflow lorúkọ rẹ̀. Á tàn lójú ẹni tó gbé e wá, onítọ̀hún á sanwó, á dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti kú padà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tèmi rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní oṣù Keje 2008, NVIDIA fúnra rẹ̀ kéde pé òun ń ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí àwọn ọpọlọ àwòrán inú láptọ́ọ̀pù tó ń kú ju bó ṣe yẹ lọ. Irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ jókòó lórí àwọn kóró òjé tíntìntín, tí ohun kan bí àtè sì kún àárín wọn. Ó gbóná, ó fẹ̀. Ó tutù, ó sún kì. Tí àtè náà bá dẹ̀ jù nínú ooru, kóró òjé ló ń jẹ gbogbo ìyà, títí á fi sán. Láptọ́ọ̀pù Apple, Dell àti HP wà lára àwọn tó kàn, ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè ní Amẹ́ríkà sì parí sí àdéhùn ní 2010. Àwa tí à ń ra tòkunbọ̀ ńkọ́? Ta la fẹ́ bá ṣẹjọ́? Ní ibi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bí ó ṣe wù ú, ẹ ro iye ìgbà tí kóró yẹn ń gbóná tó ń tutù lójúmọ́.

Atẹ́gùn gbígbóná kì í dí ojú sísán yẹn. Ó kàn ń mú kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì fara kanra fúngbà díẹ̀ ni. Mi ò pe àwọn ọmọ yẹn lólè. Òmíràn nínú wọn mọ iṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ enjiníà lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní iná ti wò ó sàn, ẹ bi í pé oṣù mélòó ló máa ń lò.

Ó wá ku ebi. Ìwé kékeré kan ló tú àṣírí rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ wákàtí tó kú sílẹ̀, ohun tí mo ń ṣe, àti iná tí à ń lò. Nígbà tó pé ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá mo kà á: mọ́kànlá jẹ́ lórí jẹnẹrétọ̀. Ihò tí káàdì ń wọ̀ lára motherboard kì í fún un ju watt 75 lọ. Èyí tó bá jẹun jù bẹ́ẹ̀ á gba wáyà láti ara power pack: oníhò 6 ń gbé watt 75 sí i, oníhò 8 ń gbé 150. Tí power pack bá ti gbó, tí iná tó ń wọlé náà ò sì lágbára, nǹkan á lọ geerege tí mo bá ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n bí káàdì bá ti na ọwọ́ oúnjẹ báyìí, abọ́ á ṣófo.

Mo yọ káàdì, mo ki wáyà ojú kọ̀ǹpútà bọ ihò tó wà lára motherboard (àwọn kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ àwòrán nínú processor nìkan ló gba èyí). Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò kú. Oníṣẹ́ ní, "Ẹ rí i, Dádì, káàdì ni." Mo gbé káàdì ọ̀hún lọ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ ọmọ mi, tí power pack tirẹ̀ ṣì lágbára. Ó fi gé fídíò fún wákàtí mẹ́ta, kò ṣẹ́jú. Mo wá yá power pack yẹn wá sílé. Ìyẹn náà ṣiṣẹ́ láìkú, lórí NẸ́PÀ àti lórí jẹnẹrétọ̀. Kò sí àríyànjiyàn mọ́. Oníṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló bá mi ra tuntun, owó rẹ̀ ò sì tó ìdajì owó káàdì tó ní kí n lọ rà. Ẹ má ṣe tú inú power pack fúnra yín o. Ó ń gbé iná pamọ́ sínú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri.

Mo ti gé fídíò mẹ́rin báyìí. Háàdì dísìkì kejì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ìkòtún.