Àbùlẹ̀ Tó Ń Lù Kìkì

Egbò ara a máa jinná, eegun tó ṣẹ́ a sì máa so pọ̀ padà. Ti ọkàn ò rí bẹ́ẹ̀. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn bá dí lójijì, sẹ́ẹ̀lì tó máa kú láàárín wákàtí mélòó kan lè tó bílíọ̀nù kan. Àpá ló máa ń rọ́pò wọn, àpá ò sì lè fún ẹ̀jẹ̀ jáde. Ara ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ọkàn tuntun o, àmọ́ lọ́dọ̀ ẹni ọdún 25 pàápàá, nǹkan bí ẹyọ 1 nínú 100 ló ń pààrọ̀ lọ́dún, ó sì ń dín kù bí èèyàn ṣe ń dàgbà.

Ohun tí Wolfram-Hubertus Zimmermann àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní Göttingen, Jámánì, ni pé wọ́n ń tọ́ ẹran ọkàn dàgbà nínú yàrá ìwádìí, wọ́n á wá rán an mọ́ ọkàn tó bàjẹ́. Shinya Yamanaka, ará Japan, ló la ọ̀nà. Lọ́dún 2006, ó fi jíìnì mẹ́rin sínú sẹ́ẹ̀lì awọ eku, sẹ́ẹ̀lì náà sì gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe, ó padà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí táwọn dókítà ń pè ní stem cell, tó lè di ẹ̀yà ara èyíkéyìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ti èèyàn. Kò yani lẹ́nu pé ó gba Nobel lọ́dún 2012.

Láti sọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ di ti ọkàn, àsìkò ni gbogbo ẹ̀. Wọ́n á da kẹ́míkà tó ń ta àmì kan jí sínú rẹ̀; lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á da òmíràn tó ń pa àmì yẹn. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ohun tó wà nínú abọ́ á máa sún kì, á tún dẹ̀, láìsí ẹni tó ní kó lù. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí kò yípadà lè di kókó lára aláìsàn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣà á kúrò. Ọ̀nà kan tó wù mí ni ti ebi: wọ́n á gba ṣúgà lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n á fún wọn ní lákítéètì, ohun tí ẹran ara ń tú jáde bí èèyàn bá ń sáré. Ebi á pa àwọn yòókù kú. Ti ọkàn á máa jẹ ẹ́ ní tirẹ̀.

Wọ́n á po èyí tó kù mọ́ kọ́lájìn àti sẹ́ẹ̀lì tó ń so ẹran ara pọ̀, wọ́n á nà án sórí ọ̀pá tín-ín-rín tó lè tẹ̀. Bó ṣe ń lù ló ń fa ọ̀pá, tí ọ̀pá náà ń fà á padà. Eré ìdárayá yẹn ló ń mú kó lágbára.

Kí ló dé tí wọn ò kàn fi abẹ́rẹ́ gún sẹ́ẹ̀lì náà sínú ọkàn? Charles Murry àti ikọ̀ rẹ̀ ní Seattle gbìyànjú ẹ̀ lára ọ̀bọ, wọ́n sì gbé àbájáde jáde lọ́dún 2014. Ẹran tuntun hù lóòótọ́, àmọ́ lílù ọkàn dàrú, bí ìgbà tí onílù àjèjì bá já wọ agbo, tí kò gbọ́ ti ìyáàlù. Àwọn ará Göttingen, tí wọ́n rán tiwọn sí ìta ọkàn, ò rí irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn lára ọ̀bọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature níbẹ̀rẹ̀ 2025.

Ìròyìn yẹn náà sọ ti obìnrin ẹni ọdún 46 kan tó ń dúró de ọkàn tuntun. Wọ́n rán àbùlẹ̀ tó ní 400 mílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì mọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó rí ọkàn gbà, wọ́n sì la èyí tí wọ́n yọ wò: àbùlẹ̀ ṣì wà láàyè, iṣan ẹ̀jẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe é, torí bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe é látara aláìsàn fúnra rẹ̀, oṣù á gorí oṣù. Aláìsàn gbọ́dọ̀ wá máa lo oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù, kí ara má bàa kọ̀ ọ́, àrùn tí kò tó nǹkan sì lè di ńlá lára ẹni tó ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀.